Apá Kejì Dà?

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ Ògúnkúnlé lánàá, lẹ́bàá Ìgbó Ẹfọ̀n níbí, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ni ìyá tó bí ẹjọ́ ọ̀hún.

Ojú mẹ́rin ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kìíní ọdún, ilé fíìmù tó wà ní Ìkàtẹ́ kún dé ẹnu ọ̀nà. Bí fíìmù ṣe ń dùn bọ̀, iná lọ. Ooru mú, ọmọdé ké, ẹnìkan tẹ ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dúró lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn. Nígbà tí iná padà dé tí gbogbo ilé hó yèè, Dúró gbójú sókè kúrò lára ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ojú rẹ̀ sì kó sínú ojú ọmọbìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì iwájú, tó yíjú sẹ́yìn láti wo ẹni tó ń kérora. Wọn ò mọra wọn rí. Ṣùgbọ́n àyà Dúró já lulẹ̀ bí táìlì tí sìmẹ́ǹtì ò mú. Iṣẹ́ lílẹ táìlì mọ́ ilẹ̀ ló gbé e wá sáìtì ìkọ́lé láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò mọ àfiwé míì.

Fúnláyọ̀ ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń kọ́ níwèé. Kí oṣù náà tó parí, Dúró ti kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí i, lẹ́tà tó dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ sunkún nígbà tó kà á tán. Oṣù kẹwàá la wà yìí. Títí di àná, lẹ́tà náà ṣì wà lápò ẹ̀wù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lọ́la, ọ̀gá rẹ̀ ń kó gbogbo wọn lọ síṣẹ́ tuntun ní Ìlọrin. Ìdí nìyí tí Dúró fi pe ẹjọ́.

Kò pe Fúnláyọ̀ o. Ẹni tó ṣe fíìmù ọjọ́ náà ló pè.

“Ta ló ni ẹjọ́?” Baálẹ̀ bèèrè.

“Èmi ni, Bàbá. Dúró lorúkọ mi.”

“O dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi, o ní o dúró?”

Ààfin rẹ́rìn-ín. Dúró ò rín. Fúnláyọ̀ wà lẹ́yìn níbi tí àwọn obìnrin jókòó sí, Dúró sì fẹ́ kó rí òun bí ọkùnrin gidi.

“Bàbá, fíìmù tí Dírẹ́kítọ̀ Ọláṣẹ̀hìndé yìí ṣe ló já ènìyàn kulẹ̀ jù lọ lọ́dún yìí. Ó já èmi kulẹ̀ débi pé mi ò níyàwó.”

Ọláṣẹ̀hìndé ti Thomas Estate wá, pẹ̀lú síkáàfù lọ́rùn nínú ooru àti dígí dúdú lójú nínú ilé.

“Bọ́ dígí yẹn, ọmọ mi,” ni Ìyálóde wí. “A kì í fi òkùnkùn rojọ́.”

“Mà, gbogbo àwa dírẹ́kítọ̀ la máa ń wọ̀ ọ́.”

“Ìyẹn ni fíìmù yín fi máa ń ṣókùnkùn.”

Ó bọ́ ọ sápò. Baálẹ̀ ní kí Dúró sọ ohun tó wà nínú fíìmù náà.

“Èsì Ń Bọ̀ Lọ́nà ni wọ́n pè é, Bàbá. Ọmọkùnrin kan kọ lẹ́tà ìfẹ́. Ó fẹsẹ̀ gbé e lọ fún ọmọbìnrin náà. Odò fẹ́ gbé e lọ, ajá lé e, bàbá ọmọbìnrin tún lé e ju ajá lọ. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin ṣílẹ̀kùn. Ó na lẹ́tà sí i. Ọmọbìnrin náà nawọ́. Ó ku bí ìka kan kí ọwọ́ rẹ̀ kan lẹ́tà…”

“Ó gbà á?” Ọ̀tún Baálẹ̀ bèèrè. Bàbá náà ti sún dé bèbè àga.

“Àwòrán dúró gbagidi, Bàbá. Wọ́n wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ‘Ẹ máa retí apá kejì.’”

“Áà!” Gbogbo ààfin ké bí ẹni tí wọ́n gba ẹran lẹ́nu rẹ̀.

“Apá kejì dà?” ni Baálẹ̀ wí.

“Ohun tó gbé mi wá nìyẹn, Bàbá.”

“Ó ti yé mi pé kò sí. Ṣùgbọ́n kí ló kàn ọ́ ńbẹ̀? Ṣé ìwọ lo kọ lẹ́tà inú fíìmù ni?”

“Èmi náà kọ tèmi, Bàbá. Nígbà tí mo mú un dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Fúnláyọ̀, wọ́n ní ọjọ́ tí ọmọbìnrin inú fíìmù bá gba tirẹ̀ làwọn máa gba tèmi. Láti oṣù kìíní, gbogbo ọjọ́ tí fíìmù tuntun bá dé ni mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń tà á ti sọ mí ní Bọ̀dá Apá Kejì.”

“Dúró lorúkọ ẹ,” ni Ọláṣẹ̀hìndé wí. “Kí ló wá ń lé e tí kò lè dúró?”

Ìyẹn dun Dúró. Ó dùn ún ju ẹsẹ̀ ọjọ́ kìíní lọ.

“Dírẹ́kítọ̀, rojọ́ tìẹ,” ni Baálẹ̀ wí.

“Bàbá, fíìmù tèmi kọ́ ló burú jù lọ́dún yìí. Ṣé kò sí àwọn tó burú jù ú lọ ni?”

Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, torí àwọn ìgbìmọ̀ ti ń wá ẹni tó máa bi wọ́n.

“Ọmọ yìí ò parọ́!” ni Ọ̀tún wí. “Ẹ ò rí fíìmù ogun tí mo rà? Wọ́n ní ayé àtijọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bá títì márosẹ̀ lọ́nà Ajah ni wọ́n ti yà á. Bí àwọn ọmọ ogun ṣe fẹ́ sọdá ọ̀nà, tírélà fun fèrè. Balógun wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó ní, ‘Ẹ jẹ́ kó kọjá!’ Tírélà kọjá tán kí wọ́n tó lọ kógun ja ìlú.”

“Ìyẹn ṣì dára,” ni Ìyálóde wí. “Tèmi, òkú ló jí dìde láti gbẹ̀san lára ọkọ rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó kanlẹ̀kùn! Ó ní, ‘Ẹ kú ilé níbí o.’ Iwin wo ló ń kanlẹ̀kùn? Ọkọ ní, ‘Ta nìyẹn?’ Ó ní, ‘Èmi ni.’ Ọkọ ṣí i!”

“Òkú ọmọlúàbí ni, Ìyálóde,” ni Ọ̀tún wí. “Wọ́n kọ́ ọ nílé kó tó kú.”

“Ṣé èyí tó ń dúró de tírélà ló wá dáa? Jagunjagun tó ń bẹ̀rù mọ́tò!”

“Ìyálóde, tírélà ò mọ jagunjagun!”

“Ẹ dákẹ́!” Baálẹ̀ fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lu apá àga. “Ohun tó já èmi kulẹ̀ ni pé gbogbo fíìmù tí mo wò lọ́dún yìí, òmùgọ̀ ni Baálẹ̀ inú wọn.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀tún ń wo òrùlé, Ìyálóde ń tún gèlè ṣe.

“Dírẹ́kítọ̀,” ni Baálẹ̀ wí wẹ́rẹ́, “kí ló dá apá kejì dúró?”

“Ọ̀rá ni, Bàbá.”

“Ọ̀rá?”

Ọláṣẹ̀hìndé tọ́ka sẹ́nu ọ̀nà. Akínwálé tó ṣe ọmọkùnrin inú fíìmù ń wọlé bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló fi wọlé, torí ẹnu ọ̀nà ò gba iwájú rẹ̀.

“Ẹ wò ó, Bàbá! Ní ìparí apá kìíní, ọwọ́ rẹ̀ rí bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Láàárín ìgbà tó na lẹ́tà àti ìgbà tí ọmọbìnrin máa gbà á, ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Ta ló ń sanra tó báyìí ní ìṣẹ́jú àáyá kan?”

“Ìfẹ́ ló sanra sí, Bàbá,” ni Akínwálé wí. “Ẹni tó bá rí ìfẹ́ á tutù lára.”

“O ò tíì rí i! Ọmọbìnrin ò tíì gba lẹ́tà!”

“Ṣé ẹ pè mí láti oṣù kìíní? Kí lẹ fẹ́ kí n máa ṣe? Mò ń jẹun.”

“O sọ fún mi lójú gbogbo ayé pé ò ń gbààwẹ̀!”

“Mo gbààwẹ̀. Mo sì ń ṣínu.”

Baálẹ̀ ti ń gbọ̀n fún ẹ̀rín, ó fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bojú. Nígbà tó ṣí i, ó bi Akínwálé ní ohun tó ti ń jẹ Ọ̀tún níyà látàárọ̀: “Kí ló wà nínú lẹ́tà yẹn gan-an?”

“Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Ìwé tí wọ́n fi di àkàrà fún wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Òróró ń kán lára ẹ̀.”

“Há!”

Fúnláyọ̀ ló ké bẹ́ẹ̀. Dúró bojú wẹ̀yìn, ó rí i tó dìde dúró, tó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹkún tó ti sun nítorí lẹ́tà yẹn nílé fíìmù pọ̀. Dúró fọwọ́ kan tirẹ̀ lápò. Bí lẹ́tà inú fíìmù bá di ìwé àkàrà, ta ni yóò tún gba lẹ́tà ọkùnrin kankan gbọ́ láyé?

“Ìwọ ọmọ, súnmọ́ ibí,” ni Baálẹ̀ wí. “Kí ló dé tó o fi so ọmọ ọlọ́mọ rọ̀ sórí fíìmù?”

Fúnláyọ̀ kúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé Ọ̀tún tún sún síwájú, ó kù díẹ̀ kó bọ́ lórí àga.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ìwé ìfẹ́ tí mo kà, àwọn obìnrin inú wọn mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí mi rí. Mo ní kí n gbọ́ ohun tí ọmọbìnrin inú fíìmù máa sọ ná, kí n má baà sọ ìsọkúsọ fún… fún Bọ̀dá Dúró.”

Ó pè é ní Bọ̀dá Dúró! Dúró ò gbọ́ nǹkan míì fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí etí rẹ̀ là, Baálẹ̀ ti kọjú sí Ọláṣẹ̀hìndé.

“Ó dáa. Ọmọbìnrin inú fíìmù yẹn, kí ló máa sọ?”

Ọláṣẹ̀hìndé na ọwọ́ sápò bí ẹni tó ń wá dígí dúdú rẹ̀.

“Mi ò mọ̀, Bàbá.”

“O ò mọ̀? Ìwọ tó o kọ ọ́?”

“Ibẹ̀ ni ìkọ̀wé mi dé. Èmi náà ti na lẹ́tà sí ẹnìkan rí. Ṣe ló pa ilẹ̀kùn dé mọ́ mi lójú. Mi ò mọ ohun tí àwọn tó máa ń gbà á máa ń sọ.”

Ìyálóde ní, “Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi.”

Baálẹ̀ gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè, ó dá ẹjọ́.

“Tírélà kọjá, ogun náà sì parí. Òkú kanlẹ̀kùn, wọ́n sì ṣí i fún un. Fíìmù burúkú ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n parí. Ilé tó ń jò sàn ju ilé tí wọn ò bò. Ọláṣẹ̀hìndé, tìẹ ló já ni kulẹ̀ jù lọ lọ́dún yìí. Láti òní lọ, apá kìíní nìkan ni wàá máa rí ní ìlú yìí. Onígbàjámọ̀ á fá apá kìíní orí rẹ. Ẹni tó ń ta oúnjẹ á gbé ọbẹ̀ fún ọ, ẹ̀bà di apá kejì. Bó o bá rán ṣòkòtò, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n máa gbé wá. Títí wàá fi parí fíìmù ọmọ ọlọ́mọ!”

Ọláṣẹ̀hìndé fọwọ́ méjèèjì di orí mú. “Ìgbà wo lẹ fẹ́ kí n parí ẹ̀, Bàbá?”

“Nísinsìnyí. Ilẹ̀kùn ààfin nìyẹn.”

“Kò sí kámẹ́rà!”

“Ojú wà.”

Akínwálé ti dìde, ó ń tún kọ́là ṣe.

“Jókòó!” ni Baálẹ̀ wí. “Ọwọ́ tín-ín-rín la fẹ́.”

Gbogbo ènìyàn wo ọwọ́ Dúró. Ìrònú ti jẹ ẹran ibẹ̀ tán láti oṣù kìíní.

Fúnláyọ̀ bọ́ síta, ó pa ilẹ̀kùn dé. Dúró dé ìdí ilẹ̀kùn, ó dúró síbẹ̀ bí ère tí wọ́n gbẹ́.

“Kàn án!” ni Ìyálóde sọ sí i létí. “Òkú gan-an kàn án!”

Ó kàn án.

“Ta nìyẹn?” ni ohùn dáhùn lóde.

“Èmi ni. Dúró.”

“Mò ń dúró,” ni ohùn náà wí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ojú kó sínú ojú bíi ti ọjọ́ yẹn, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ti mọra wọn. Dúró fa lẹ́tà yọ lápò. Ó ti rún, ó ti funfun létí. Ó nà án.

Fúnláyọ̀ wò ó. “Ṣé òróró ló wà lára ẹ̀ yẹn?”

“Rárá o. Sìmẹ́ǹtì ni.”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́. Ó ku bí ìka kan. Ọláṣẹ̀hìndé la ẹnu, bóyá fún ìyàlẹ́nu ni, bóyá àṣà ló fẹ́ mú un, ó ní, “Ẹ máa re…” Ìyálóde fi ìborùn dí i lẹ́nu.

Àwòrán ò dúró. Fúnláyọ̀ gba lẹ́tà.