Bí Mo-Ti-Kà-Á Ṣe Sunkún Nítorí Adìyẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, àìsàn kan wà tí dókítà ò lóògùn rẹ̀, òun ló sì ń ṣe onígbàjámọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín yìí. Àwọn kan ò lè rí ọtí kí wọ́n má mu. Àwọn kan ò lè gbọ́ àṣírí kí wọ́n má tú u. Ti onígbàjámọ̀ yìí, kò lè gbọ́ orúkọ ìwé kí ó má sọ pé òun ti kà á. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Mo-Ti-Kà-Á. Bí ẹ dárúkọ ìwé tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ṣì ń wá bírò tó máa fi kọ ọ́, ó ti kà á, ìparí rẹ̀ nìkan ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn!

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ìwé nìkan ló ń kà. Ẹ mọ ibi tí wọ́n máa ń kọ ìlà mẹ́rin márùn-ún sí láti fi fa ojú ẹni mọ́ra? Ibẹ̀ ni. Á kà á lẹ́ẹ̀mejì, á gbé ìwé náà ka iwájú dígí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á wá máa fi ìlà mẹ́rin yẹn dá àwọn oníbàárà lára yá títí irun á fi tán lórí wọn. Bí ọmọdé bá ní ìwé bí àgbà, kò lè ní ẹ̀yìn ìwé bíi ti Mo-Ti-Kà-Á.

Ẹgbẹ́ òǹkàwé kan wà ládùúgbò náà. Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù ni wọ́n máa ń pàdé ní pálọ̀ Màmá Tíṣà, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ kún fún ìwé. Òfin wọn ò ju ẹyọ kan lọ. Ìwé tí o bá mú lọ sílé, o gbọ́dọ̀ dìde ní ìpàdé tó ń bọ̀ kí o sọ bó ṣe rí, kí àwọn tó kù lè mọ̀ bóyá kí àwọn náà mú un. Bí ìwé bá sì gbó, ọkùnrin adìwé tó wà láàárín wọn á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á tún un rán, á tún èèpo rẹ̀ lẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Màmá Tíṣà ń múra àtikó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ní ní ìpàdé tó ń bọ̀, òun á fa kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lé ẹni tó mọ ìwé í kà jù lọ́wọ́. Ilé onítọ̀hún ni wọ́n á gbé kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ọwọ́ rẹ̀ ni kálukú á sì ti máa gba ìwé.

Háà! Oorun dá lójú Mo-Ti-Kà-Á. Kò sí ohun tó wù ú láyé mọ́ ju kọ́kọ́rọ́ yìí lọ. Kí oṣù tó dé ìdajì, ó ti ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n máa fi Alága pe òun díẹ̀díẹ̀, kí ẹnu wọn lè mọ́ ọn lára.

Ìwé ìfẹ́ kan ló mú lọ sílé lóṣù náà, adìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un lẹ̀ ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ sọ pé: “Ọmọge kan fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìfẹ́. Kí ni ojú rẹ̀ rí? Bí o bá ka ìwé yìí, wàá sunkún.” Mo-Ti-Kà-Á kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀, ó ju ìwé sórí tábìlì ìyàwó rẹ̀. Ó parí.

Aránṣọ ni ìyàwó yìí, kọ́tìnnì kan ṣoṣo ló pín ibi máṣíìnì rẹ̀ níyà kúrò níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń gẹ irun. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ní ọjọ́ kẹta, ó yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

“Bàbá wọn, ṣé ẹ tiẹ̀ ti ṣí ìwé tí ẹ gbé wálé yìí?”

“Mo ti kà á! Ó pa mí lẹ́kún.”

“Adìyẹ ló wà nínú ẹ̀ o.”

Mo-Ti-Kà-Á rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. “Adìyẹ kẹ̀! Ìyá wọn, ìwé ìfẹ́ lo rí yẹn. Ìwé tó jinlẹ̀ ni, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè yé. Máa rán aṣọ ẹ, jàre.”

Ìyàwó rẹ̀ fa kọ́tìnnì padà. Ó padà sídìí ìwé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìwé méjì ló tú sílẹ̀ lórí tábìlì adìwé lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan jẹ́ ìtàn ìfẹ́, èkejì jẹ́ ìwé ìtọ́jú adìyẹ. Ó fi èèpo ìfẹ́ bo adìyẹ, ó fi èèpo adìyẹ bo ìfẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀, àfi ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, nígbà tí arákùnrin kan tó ń ṣe wáyà iná, tó mú ìwé adìyẹ nítorí pé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sìn wọ́n, wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka orí mẹ́fà, adìyẹ ò tíì dé. Ọmọge kan ṣáà ń sunkún.”

Adìwé sáré lọ jẹ́wọ́ fún Màmá Tíṣà. Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹ pa á mọ́nú ná. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹni tó mú ìkejì.”

Nígbà tó di ọ̀sán, Mo-Ti-Kà-Á dé tòun ti ìyàwó rẹ̀. Ó ní kó wá fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n á ṣe fa kọ́kọ́rọ́ lé òun lọ́wọ́. Sítáàṣì tó wà lára aṣọ rẹ̀ pọ̀ débi pé aṣọ ọ̀hún ń dún bó ṣe ń rìn. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ó ti dìde.

“Ẹ̀yin òǹkàwé ẹgbẹ́ mi, ẹ mú ìwé yìí! Ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú un! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sunkún.”

“Ẹ kú ẹkún,” ni Màmá Tíṣà wí. “Ibo gan-an ló dùn yín jù níbẹ̀?”

“Ojú ìwé àádọ́rin, Mà!” Ọlọ́run ló mọ ibi tó ti rí àádọ́rin.

Màmá Tíṣà gba ìwé náà, ó gbé awò sójú, ó ṣí àádọ́rin, ó kà á sókè: “Bí ìgbẹ́ wọn bá ti funfun, tètè yà wọ́n sọ́tọ̀, kí o sì gbá ilé wọn mọ́.”

Mo-Ti-Kà-Á wo adìwé, adìwé wo òrùlé.

“Ìyẹn... ìyẹn nibi tí wọ́n ti ya olólùfẹ́ méjì yẹn sọ́tọ̀, Mà.”

“Ìgbẹ́ ńkọ́?”

“Òwe ni! Ṣebí òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, ìgbẹ́ ẹṣin ni wọ́n fi ń tọpa ẹ̀.”

Ká ní ó jókòó nígbà yẹn ni, ìtìjú náà ì bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ó wà lóòró. Màmá Tíṣà ṣí ibòmíràn: “Gé ṣóńṣó ẹnu wọn, kí wọ́n má baà máa ṣá ara wọn.”

“Àwọn ìyàwó ilé nìyẹn, Mà. Òǹkọ̀wé ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n dín ẹnu kù.”

Gbogbo obìnrin tó wà ní pálọ̀ yí ojú sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

“Àwòrán yìí ńkọ́?” Ìyá gbé ìwé sókè kí gbogbo wọn lè rí i. Ilé adìyẹ ni, àkùkọ ńlá kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Òógùn ti ń yọ sítáàṣì lára aṣọ. “Ilé bàbá ọmọge nìyẹn.”

“Àkùkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́?”

“Bàbá ẹ̀ ni.”

Pálọ̀ dàrú! Arákùnrin oníwáyà dìde tòun ti ìwé lọ́wọ́, omi ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dọ̀ mi ni ọmọge yín wà o! Láti ọjọ́ kìíní oṣù ló ti ń sunkún nílé mi!”

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ, ṣùgbọ́n ti onígbàjámọ̀ ló le jù lọ́jọ́ náà. Kí n má purọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Màmá Tíṣà béèrè pé, “Ṣé ẹnì kan tiẹ̀ wà níbí tó ka ìwé yìí?”

“Èmi ni, Mà.” Aránṣọ ló dìde lẹ́yìn. “Mo kà á tán lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé tó wúlò ni, kí ẹni tó bá fẹ́ sin adìyẹ mú un. Àmọ́ kó ṣọ́ra. Níbì kan, wọ́n ní ká fún òròmọdìyẹ lóògùn ní ọjọ́ keje. Níwájú, wọ́n tún ní ọjọ́ kẹwàá. Ó yẹ ká bi ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí adìyẹ ẹnikẹ́ni tó kú.”

“Ọmọ mi, kí ló dé tí o ò sọ fún ọkọ rẹ pé adìyẹ ni?”

“Mo sọ fún wọn, Mà. Wọ́n ní kí n máa rán aṣọ mi.”

Màmá Tíṣà pa ìwé adìyẹ dé. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ nínú báàgì, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ẹ gbà mí o! Mo-Ti-Kà-Á na ọwọ́ méjèèjì. Ìyá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, ó gba ìdí àwọn àga kọjá, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà lé aránṣọ lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé kọ́bọ́ọ̀dù lọ sílé Mo-Ti-Kà-Á lóòótọ́. Òun àti adìwé ló gbé e, òun ló sì mú ibi tó wúwo. Ìyàwó rẹ̀ yá a ní ìtàn ìfẹ́, èyí tí ọmọge wà nínú rẹ̀ gan-an, ó ní lálaalẹ́ ni kó máa wá sọ ohun tó kà fún òun.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, oníbàárà kan jókòó síwájú dígí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìwé wo lẹ ń kà lọ́wọ́ báyìí?”

Mo-Ti-Kà-Á wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ìtàn ìfẹ́ kan ni. Ó dùn kọjá sísọ! Mo ti dé ojú ìwé kẹrin.”

Máṣíìnì dákẹ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì.

“Ìkẹta ni!”