Àgbọ̀n Mi Ni

Sátidé kan wà tí ọkàn mi ò ní gbàgbé láé, bí mo tilẹ̀ fẹ́ kó gbàgbé. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi ni mo ti ń pahín keke lójú oorun. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àgbọ̀n mi á ti le gan-an, oríkèé ibẹ̀ á máa dún kọ̀, kọ̀ bí mo bá ń jẹ búrẹ́dì. Ìbànújẹ́ ni, ìjà sì wà nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Bàbá Ṣàgámù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, gbé agbọ̀n tí màmá ń kó Bíbélì àti fọ́tò sí lọ. Mo pè wọ́n ní olè lójú ẹbí. A ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá màmá mi.

Wọ́n júwe dókítà kan fún mi ní Ìkòtún, tí kì í fúnni lóògùn, ọwọ́ lásán ló fi ń tọ́jú iṣan àti oríkèé. Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, obìnrin náà wọ ìbọ̀wọ́, ó ki ìka bọ̀ mí lẹ́nu, ó tẹ iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Ta lẹ ń bá jà, bọ̀dá? Gbogbo ìbínú yín ló wà níbí jàre. Ẹ má sọ̀rọ̀ o, ó di ọ̀la."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ délé ní Egan. Ta ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà? Bàbá Ṣàgámù, agbọ̀n ìyá mi lórí itan wọn.

"Àkànní! Àkànní ọmọ Àbẹ̀kẹ́!"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo dákẹ́. Wọ́n tún pè mí. Ọmọ tí àgbà ń fi oríkì pè tí ò dáhùn, ẹ mọ irú ọmọ tó jẹ́. Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó lè yé wọn.

"Kí lo fọwọ́ lẹ́rán fún? Ṣé èmi náà ti kú ni?"

Ìyàwó mi ò sí nílé tí ì bá bá mi ṣàlàyé. Mo fa bébà yọ, mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wéré. Èmi tí mo mọ̀wé! N kò fàmì kankan sí i: Agbon mi ni.

"Agbọ̀n mi ni," ni wọ́n kà jáde. Wọ́n wo agbọ̀n orí itan wọn, ojú wọn sì yí padà.

"Mo mọ̀ pé tìẹ ni. Etí rẹ̀ ló ya, mo gbé e lọ tún hun ni. Gbà." Wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n kọrí síta.

Mo pariwo, "Ẹ dúró!" Àgbọ̀n mi dún kọ́, ẹnu mi há ní lílà sílẹ̀. Mo sáré lé wọn, itọ́ ń dà lẹ́nu mi, àfi bíi pé mo fẹ́ gé wọn jẹ. Bàbá bẹ́ sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n ní kí ọlọ́kọ̀ tètè máa lọ.

Ìkòtún ni mo padà sí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Mo ṣá ní kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀!" ni dókítà fi kí mi, kó tó tẹ àgbọ̀n mi padà sípò.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbà karùn-ún tí mo pè ni Bàbá Ṣàgámù tó gbé fóònù. Nígbà tí wọ́n gbọ́ àlàyé mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. "O ò bá ti fàmì sí i, Àkànní." Wọ́n ní àwọn á wá l'Ájíǹde, ṣùgbọ́n a ti sin wọ́n kó tó di Àjíǹde. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbọ́ gbẹ̀yìn lẹ́nu wọn, ó sì ń dùn mí.

Etí agbọ̀n náà ò tíì ya dòní. Èmi náà kọ́gbọ́n: bí mo bá jẹ ẹnikẹ́ni ní "ẹ má bínú", mo máa ń tètè sọ ọ́ kẹ́nu mi tó há. Bí mo bá sì rántí ọjọ́ náà, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n níwọ̀nba, nítorí àgbọ̀n mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àmì orí rẹ̀ dáadáa.