Ilẹ̀kùn Kan Ṣoṣo ní Gbọ̀ngàn Ìdóyìn

Ṣé ẹ ti bi ara yín rí, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé, "Bí a bá ń tilẹ̀kùn mọ́ ọ̀tá, ká má ti ara wa mọ́lé"? Ẹ fìdí kalẹ̀. Ìlú Ìdóyìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìwà ìrẹ́jẹ ló sì bí i.

Wọ́n lé Àbíọ̀nà lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó ṣílẹ̀kùn fún irinwó ènìyàn tí kò lè mí. Bó ṣe rí nìyẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń ṣọ́ gbọ̀ngàn ìlú. Yàrá kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí wọ́n lé e, iṣẹ́ lọ, ilé lọ, orúkọ rere náà sì fẹ́ bá wọn lọ.

Lọ́dún yẹn, ẹ̀rù ń ba gbogbo ènìyàn. Bí rédíò bá ti dárúkọ àwọn agbésùnmọ̀mí, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mọ́. Ní Ìdóyìn, ẹnì kan gbàgbé báàgì síwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, odindi àdúgbò sì sá lọ sóko. Nígbà tí wọ́n fi máa padà, ewúrẹ́ kan ni wọ́n bá nídìí báàgì náà, ó ń jẹ gààrí inú rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ìjọba wá ṣe òfin tuntun. Ibikíbi tó bá ń gba ju igba ènìyàn lọ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń wọlé, kó máa yẹ ẹrù wò, kó sì ní ọ̀nà tí èrò yóò tètè gbà jáde bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní aṣojú ìjọba ń bọ̀ wá ṣàyẹ̀wò láàárín oṣù kan. Gbọ̀ngàn tí kò bá yege, wọn yóò tì í pa.

Ojú ìwé mẹ́rìnlá ni lẹ́tà náà. Olóyè Ṣówándé, alága ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn, ka ojú ìwé àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ wíwọlé ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ jíjáde wà ní ojú ìwé kẹsàn-án.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni gbọ̀ngàn náà ní. Olóyè pe wẹ́dà, ó ní kó fi irin jó mẹ́ta pinpin, kó sì fi irin dí gbogbo fèrèsé.

"Olóyè, ẹ má bínú o," ni Àbíọ̀nà wí. "Ilẹ̀kùn kan fún irinwó ènìyàn, ó kéré."

"Ṣé agbésùnmọ̀mí ló rán ẹ ni? Òun ló ń fẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́rin."

"Rárá o, sà. Ọjọ́ ìkórè ni mo ń rò. Tòun ti ilẹ̀kùn mẹ́rin, wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi ń jáde."

"Ìkíni ló ń dá wọn dúró, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Lọ jókòó ti géètì ẹ."

Àbíọ̀nà lọ jókòó, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń yí gbọ̀ngàn náà po láràárọ̀, ó ń fọwọ́ kan àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n jó pa bí ẹni ń fọwọ́ kan iwájú orí aláìsàn. Olóyè ní tirẹ̀ ra àgádágodo kan tó tóbi tó búrẹ́dì, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn ara rẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tá má baà tó o.

Àyẹ̀wò bọ́ sí òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Aṣojú ìjọba dé, Ìyáàfin Ọlátẹ́jú, obìnrin jẹ́jẹ́ tó mú ìwé àti aago lọ́wọ́. Olóyè ti pe gbogbo ìlú wá ṣe ìdánrawò. Yíyẹ ara wò nìkan gba wákàtí méjì, torí àwọn ìyá àgbà kọ̀ láti tú kókó etí ìró wọn.

"Ọkọ mi tó kú ò tú u wò rí," ni ọ̀kan nínú wọn sọ fún olùkọ́ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. "Ìwọ wá ńkọ́?"

Nígbà tí gbogbo wọn wọlé tán, Olóyè ti àgádágodo mọ́ ilẹ̀kùn láti inú. Ó ní kí agbésùnmọ̀mí má baà wọlé níbi tí àwọn ti ń kọ́ bí àwọn yóò ṣe sá fún un. Ó gun orí pèpéle níwájú. Ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn pátápátá, irinwó ènìyàn sì wà láàárín òun àti ilẹ̀kùn.

Ohun tí kò sọ fẹ́nikẹ́ni ni pé òun ti gbé agolo ẹ̀yinná sẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta sórí pèpéle. Ó gbà pé ìdánrawò tí kò bá jọ òótọ́, eré ọmọdé ni. Ó da ata gbígbẹ sínú agolo náà, ìkúnwọ́ mẹ́ta, ó sì fọn fèrè.

Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Èéfín dé. Ẹ̀rín di sísín, sísín di ikọ́, ikọ́ di igbe. Gbogbo ojú ń ṣomi. Ìyáàfin Ọlátẹ́jú bo imú, ó wo aago, ó sì bi Olóyè bóyá ìdánrawò náà ti bẹ̀rẹ̀.

Olóyè ń húkọ́. Ó já kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó nà án sí ẹni tó sún mọ́ ọn jù. "Ẹ fún wọn lẹ́yìn. Ẹ fún wọn lẹ́yìn."

Kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò. Ó ti ọwọ́ dé ọwọ́, ó kọjá lórí gèlè, ó kọjá lábẹ́ apá, títí tó fi dé ọwọ́ Gbádébọ̀ télọ̀, tó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin sí apá ọ̀tún. Ẹni tó wà níwájú Gbádébọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀kùn gan-an, ni Bàbá Ọ̀jẹ̀lábí, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé mẹ́ta. Gbádébọ̀ na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Bàbá wo ọwọ́ náà. "Gbádébọ̀, ọwọ́ òsì?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ọmọ ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún."

"Mo mọ bàbá ẹ. Kò kọ́ ẹ báyìí."

"Bàbá, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀," ni èrò ń bẹ̀ ẹ́ láàárín ikọ́. "À ń kú lọ."

"Tí mo bá dé ọ̀run," ni Bàbá wí, tó ń húkọ́, tó ń nu ojú, "kí ni kí n sọ fún wọn? Pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tí mo fi jáde láyé?"

Gbádébọ̀ fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kò sí àyè. Ó fẹ́ gbé ọmọ bọ́ sí apá òsì, ọmọ já kọ́kọ́rọ́ gbà, ó sì jù ú nù. Kọ́kọ́rọ́ rá sáàárín ẹgbẹ̀rin ẹsẹ̀.

Níta, Àbíọ̀nà gbọ́ tí ariwo náà yí padà. Ó mọ bí èrò ṣe ń ké tí wọ́n bá ń ṣeré. Eléyìí kì í ṣe eré. Ó rántí ohun tí Olóyè sọ nípa ilẹ̀kùn, ó rántí yàrá tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó sì gbé dígà. Ẹ̀ẹ̀mẹje ló lu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kí irin tó já. Ilẹ̀kùn ṣubú, èrò tú jáde bí omi. Kò sẹ́ni tó kú. Olóyè ló jáde kẹ́yìn, kò sí fìlà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata tó sun.

Ìyáàfin Ọlátẹ́jú fi ìwé àyẹ̀wò sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀, ó fún wọn lóṣù kan kí wọ́n fi ṣàtúnṣe. Ojú ìwé mẹ́fà. Olóyè ka ti àkọ́kọ́: gbọ̀ngàn kò yege, ilẹ̀kùn kan sì ti fọ́. Ó ní ẹ̀rí dé. Ó pe wẹ́dà padà kó tún ilẹ̀kùn náà jó pa, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Àbíọ̀nà, ó sì gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀.

"O ba dúkìá ìlú jẹ́," ni Olóyè wí. "O tún jẹ́ kí èrò gba ibi tí a kò fọwọ́ sí jáde. Dọ̀bálẹ̀, sọ pé ìwọ lo jẹ́ ká fìdí rẹmi, a ó dá ọ padà sẹ́nu iṣẹ́."

Ojú ti àwọn yòókù, wọ́n ń wo ilẹ̀. Bàbá Ọ̀jẹ̀lábí, tóun náà jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀, rọra sọ pé, "Àbíọ̀nà, dọ̀bálẹ̀ kó tán. Ilẹ̀ ò ní dùn ẹ́ láyà."

"Bàbá, mo lè dọ̀bálẹ̀ fún yín láti àárọ̀ dalẹ́, torí ẹ jù mí lọ. Mi ò lè dọ̀bálẹ̀ fún irọ́."

Òun àti ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n sì lọ forí pamọ́ sílé àbúrò rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìpàdé àwọn òbí wáyé ní gbọ̀ngàn, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ṣí. Àbíọ̀nà wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú ẹrù rẹ̀, ó gbé àpótí ìjókòó lọ sí òdì kejì ọ̀nà, ó jókòó. Ẹni tó bá ń wọlé lọ, Àbíọ̀nà á kí i, á béèrè ilé àti ọmọ, á wá sọ gbólóhùn kan fún un. Ẹni àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wọlé. Ẹnì kejì dúró, ó wo ilẹ̀kùn náà, ó fi ọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. Ẹnì kẹta lọ wá àga. Kò pẹ́ tí ẹni àkọ́kọ́ náà fi jáde wá bá wọn.

Nígbà tí aago mọ́kànlá lù, gbogbo òbí ti jókòó sábẹ́ igi níta, tí olùkọ́ àgbà ń bá wọn sọ̀rọ̀, Olóyè nìkan sì ni ó kù sínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó jáde wá, ó la ọ̀nà kọjá.

"Àbíọ̀nà, kí lo ń sọ fáwọn ènìyàn yìí?"

Àbíọ̀nà dìde, ó ṣí fìlà, ó kí i bí a ti ń kí olóyè.

"Mo ní bí a bá ń tilẹ̀kùn mọ́ ọ̀tá, sà, ká má ti ara wa mọ́lé."