Mọ́tò Tí Àgbà-Mọ́tò Fẹnu Pa

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àbúrò ọkọ mi olóògbé kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹnu ẹ̀ ló kàn gùn ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Àgbà-Mọ́tò, torí kò sí mọ́tò tó máa kọjá tí ò ní ka ọjọ́ orí ẹ̀ fún wa. Bẹ́ẹ̀, alùpùpù lòun ń gùn! Ìgbà tó yá, ó ta alùpùpù ọ̀hún, ó ní kí ìyàwó òun múra sílẹ̀ de Sátidé, mọ́tò làwọn máa fi jáde nírọ̀lẹ́.

Sátidé yẹn ni wọ́n ń ta ẹrù olóògbé àgbẹ̀ olówó kan ní gbàǹjo, nínú oko ẹ̀ gan-an. Ìkòkò irin lèmi bá lọ, torí òun ni mò ń tà. Àgbà-Mọ́tò bá tiẹ̀ lọ: mọ́tò àtijọ́ márùn-ún tí wọ́n tò síwájú abà.

Ó dúró ti èyí aláwọ̀ ewé. Ó gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀, gbì! Ó dẹtí sí i bíi dókítà.

"Yéè! Ẹ́ńjìnnì yìí ti kú, ìsìnkú ló kù. Abẹ́ ẹ̀ ti dógùn-ún tán. Pósí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin nìyí!"

Alápatà kan tó sígbọnlẹ̀ bí ìrókò ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo wá ni ká rà?"

"Búlúù yẹn. Ọmọ ogún ọdún ò lágbára tó o!"

Alápatà sáré lọ ra búlúù.

Èmi ń wò ó. Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi tajà, ohun tí mo mọ̀ nìyí: ẹni tó ń yin ọjà, ilé ẹ̀ ló ń lọ, ẹni tó ń bú u ló fẹ́ rà á. Bí ẹnu ẹ̀ ṣe ń bú aláwọ̀ ewé yìí, bẹ́ẹ̀ ló ń fọwọ́ pa á lára bí orí ọmọ tuntun.

Ó kan aláwọ̀ ewé. Onígbàǹjo pe iye. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ó bù ú kù. Kò sẹ́ni tó mira. Àgbà-Mọ́tò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dúró kó tún wálẹ̀ sí i.

Mo nawọ́.

"Ìyàwó wa!" Ni Àgbà-Mọ́tò náà bá sáré nawọ́.

Alápatà yíjú sí i, kọ́kọ́rọ́ búlúù lọ́wọ́ ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ ra pósí ni?"

Ọwọ́ tó ti gòkè bá rọra yà sí ìpàkọ́. "Rárá o. Orí ló ń yún mi."

Onígbàǹjo gbá tábìlì. "Ó di ti ìyá oníkòkò!"

Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mọ́tò dáhùn, ó ń kùn bí ológbò tó yó. Alápatà ò gbọ́. Òun àti ọkùnrin mẹ́rin ń ti búlúù.

Mi ò mọ mọ́tò wà. Ta ló wá wà mí? Àgbà-Mọ́tò ni! Èmi àtàwọn ìkòkò mi jókòó sẹ́yìn bí ọba. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń sọ ọlọ́kọ̀ di dẹ́rẹ́bà.

Nígbà tá a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé ẹ̀, ó dẹwọ́ eré.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà á fún mi. Màá fi èrè lé e."

"Háà, ọkọ mi! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ mọ́tò lẹ sọ pé ó ti kú. Kí n wá ta òkú fún àbúrò ọkọ mi? Ẹnu mi kọ́ lẹ ti máa gbọ́ ọ! Ẹ wo ìyàwó yín lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń juwọ́. Ẹ tẹ fèrè dá a lóhùn."