Iná Òròmọdìẹ Tí Mo Fi Tọ́jú Ojú

Bí mo bá gbó tí mo hewú, ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan báyìí ò ní tán lọ́kàn mi, ìrọ̀lẹ́ tí mo gbé ojú mi sábẹ́ gílóòbù òròmọdìẹ nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí ẹ bá ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, ẹ máa rín in lọ. Èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín tó.

Kúnlé, ẹni tó di ọkọ mi lónìí, ló fẹ́ mú ìyá rẹ̀ wá wò mí lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Nọ́ọ̀sì ni màmá náà ní Àgọ́-Ìwòyè, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí gbogbo ọmọ rẹ̀ kàwé yanjú. Èmi, ìwé mi ò kọjá ọdún kejì ní girama, ìtìjú sì pọ̀ lójú mi débi pé bí àlejò bá gba iwájú ilé wọlé, ẹ̀yìn ni mò ń gbà jáde. Irorẹ́ tún wá kún ojú mi bí ìgbà tí wọ́n gbìn ín síbẹ̀. Mo ní bí mi ò bá ní ìwé tí màmá yóò rí, ó yẹ kí n ní ojú tí wọn yóò wò. Kúnlé kì í kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Bí wọ́n bá ti sọ pé àwọn ò fẹ́ mi, ọ̀rọ̀ parí.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi tí a ti jọ ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ló fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Obìnrin kan dùbúlẹ̀, iná pupa ń tàn sí i lójú, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó jẹun yó. Wọ́n ní iná náà ń tún awọ ojú ṣe. Bí a ṣe ń wò ó, ọkàn mi ti sáré dé ẹ̀yìnkùlé wa. Ṣé iná pupa náà ni? Ìyá mi kúkú ní iná pupa.

Adìẹ ni ìyá mi ń sìn, gílóòbù pupa ńlá kan ni wọ́n sì fi ń mú àwọn òròmọdìẹ móoru. Aládùúrà ni wá, nínú ìjọ tiwa a kì í fi aṣọ pupa kan ara, ṣùgbọ́n ìyá mi gbà kí gílóòbù yẹn wọlé. Wọ́n ní òròmọdìẹ kì í ṣe ọmọ ìjọ. Èmi ló yẹ kí n rántí pé ọmọ ìjọ ni mí.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, ìyá mi lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé ìkòkò èédú sí ẹ̀gbẹ́ àwọn òròmọdìẹ kí òtútù má bàa mú wọn, mo tú gílóòbù wọn, mo gbé e wọ yàrá, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Obìnrin inú fídíò fi nǹkan bo ẹyinjú, nítorí náà mo fi gèlè dúdú di tèmi. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí mo dá lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo wá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sún mọ́ ọn tímọ́tímọ́, mo rò pé bó bá ṣe sún mọ́ mi tó ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó. Ó móoru, ó sì dùn. Mi ò mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ.

Ní ẹ̀yìnkùlé, èédú kú, àwọn òròmọdìẹ bá figbe ta. Igbe wọn ni ìyá mi gbọ́ nígbà tí wọ́n dé, ni wọ́n bá ń wá gílóòbù kiri títí wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn yàrá. Gbogbo yàrá pupa, ọmọ wọn nà gbalaja láàárín rẹ̀, aṣọ dúdú lójú. Omi àdúrà tí wọ́n gbé bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n dà lé wa lórí, èmi àti gílóòbù.

Gílóòbù gbóná, omi tutù. Ó bú gbàmù, ilé sì ṣókùnkùn. Mo fò dìde, gèlè ṣì wà lójú mi, mo rò pé mo ti fọ́jú, mo bá ń lọgun. Ìyá mi rò pé ẹ̀mí burúkú ló ń jáde lára mi, wọ́n túbọ̀ ń fi ojúlówó Ìjẹ̀bú pe Jésù. Kí n tó tú gèlè, gbogbo àdúgbò ti pé síbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Mo fi ohùn kẹ́lẹ́ ṣàlàyé. Ìyá mi gbé ìgò omi àdúrà sílẹ̀.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ṣé kí n máa fún ìwọ náà ní oúnjẹ adìẹ, kí o lè tóbi di Kérésì?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mi pọ́n, ó wú, ó ń ta mí. Mo dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n yan ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, tí wọ́n gbàgbé èkejì. Irorẹ́ kankan ò sì kúrò.

Màmá Kúnlé dé pẹ̀lú ọmọ wọn. Mo fa gèlè bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni mo sì ń kọ sí wọn, mò ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn bí mo ṣe ń gbé omi wá. Wọ́n ṣe sùúrù fún mi díẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ọrùn ló ń dùn ọ́ ni?"

Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní kí n tú gèlè. Ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òróró gbígbóná kan tó ta sí mi lójú, tí mi ò mọ ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n ojú nọ́ọ̀sì ti wà lára mi, ni mo bá la ẹnu. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí fídíò títí dé orí omi àdúrà. Kúnlé ò gbọ́ kí n sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo dé ibi tí gílóòbù ti bú, màmá di ikùn mú, awò ojú wọn jábọ́, ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n mú un nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún mi. "Èyí tí wọ́n ń lò fún awọ kì í jóni. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló ń wọ inú awọ, tó ń ran ara lọ́wọ́ láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ti ìyá rẹ, ooru ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣe lo yan ara rẹ."

Wọ́n ní ojúlówó rẹ̀ pàápàá kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni, àwọn mìíràn ò sì ní rí ìyàtọ̀. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìwé tó bá a wá, bí yóò ṣe jìnnà sí i tó àti bí yóò ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó, kó sì bo ẹyinjú. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ara lè fara da oòrùn, kó kọ́kọ́ béèrè nílé ìwòsàn. Ooru sì lè mú kí àpá irorẹ́ túbọ̀ dúdú. Wọ́n ní kí n wá sí ibi iṣẹ́ àwọn lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n tọ́jú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mò ń gbọ́, ṣùgbọ́n ìdájọ́ mi ni mò ń retí.

Bí wọ́n ṣe dìde ni wọ́n kọjú sí Kúnlé. "O ní kì í sọ̀rọ̀. Irọ́ lo pa fún mi. Ìgbà wo ni kí n kó ẹbí wá?"

Láti ìgbà náà, mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo iná tó bá ti pupa ló ń tún awọ ṣe, àti pé ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan sí ojú, ẹnu ni kó kọ́kọ́ lò, kó béèrè. Ní ti irorẹ́ mi, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó ló lọ fúnra rẹ̀, láìlo iná, láìlo ìpara. Mo dúró níwájú dígí lọ́jọ́ tí mo rí i pé ó ti tán, inú fẹ́ bí mi sí i. Kí ni mo tún lè ṣe? Mo bú sẹ́rìn-ín.