Ogún Ọjọ́ Iṣẹ́ Kí Ẹsẹ̀ Tó Lè Jinná

Kí ọmọ aráyé tó dá ọ̀nà já inú igbó, Kìnnìún ti ń jọba ní Igbó Ọlọ́mitútù. Ìlú náà tòrò débi pé ẹni tí ebi ń pa pàápàá, jẹ́jẹ́ ló ń kùn. Ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀. Gbogbo ẹranko ló ń dá èso sí i lọ́dọọdún, Òòrẹ̀ ló sì ń tọ́jú aláìsàn, ẹ̀gún ara rẹ̀ ló fi ń gún wọn lábẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìkookò, olórí ìgbìmọ̀, dìde níwájú ọba. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó ni, ohùn rẹ̀ sì kún fún àánú ìlú.

"Kábíyèsí, ọ̀lẹ ti pọ̀ jù nílé ìwòsàn. Mo débẹ̀ lánàá, gbogbo ẹni tí mo bá, ìdùbúlẹ̀ ni mo bá wọn. Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn!"

Ìgbìmọ̀ mi orí. Ọ̀rọ̀ náà dun ọba dọ́kàn.

"Kí wá ni ká ṣe?"

"Kí kálukú ru ẹrù ara rẹ̀, Kábíyèsí. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ogún ọjọ́ lóṣù ni kó gba àmì, ẹni tó bá lámì ni kó gba oògùn."

Bí òfin ṣe jáde nìyẹn. Wọ́n gbé tábìlì síwájú ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi Ìmàdò, àna Ìkookò, jókòó tì í. Ìmàdò kì í ṣe ìkà. Ohun tó bá wà nínú ìwé òfin ló mọ̀. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí láyé.

Opó kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, Ẹtu ni. Omi ló ń pọn fún Ẹfọ̀n, láti àárọ̀ títí ọjọ́ fi ń rọ̀. Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù, ẹ̀gún gún un lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì wú bí ìbẹ́pẹ. Ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní ń ṣe lákáǹláká tọ alábẹ lọ. Àwẹ̀ró tiro títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Ìmàdò.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹsẹ̀ mi ni o."

"Pẹ̀lẹ́, ìyá. Ọjọ́ mélòó lẹ fi ṣiṣẹ́ lóṣù yìí?"

"Mọ́kànlá. Ẹsẹ̀ yìí ni ò jẹ́ kí n lè rìn mọ́."

"Ó ku mẹ́sàn-án. Ẹ lọ ṣe é wá, kí wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ yín, kí ẹ lè padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Bàbá, bí mo bá lè ṣe mẹ́sàn-án, kí ni mo wá ṣe níbí?"

Ìmàdò yẹ ìwé wò dáadáa. Kò rí ìdáhùn sí ìyẹn níbẹ̀.

"Ẹni tó kàn!"

Òòrẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú ilé. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó tẹ̀lé Àwẹ̀ró délé, ó yọ ẹ̀gún náà, ó sì fi ewé di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ti bàjẹ́ díẹ̀. Àwẹ̀ró yóò máa tiro títí ayé, ṣùgbọ́n kò kú. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n lé Òòrẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Ìkookò ròyìn fún ìgbìmọ̀ pé àìsàn ti dópin ní Ọlọ́mitútù, torí kò sí aláìsàn kankan mọ́ nílé ìwòsàn. Ọba se àsè ìdúpẹ́. Níbi àsè náà ni eegun ti há a lọ́fun.

Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìmàdò nìkan ni wọ́n bá. Wọ́n ránṣẹ́ pe Òòrẹ̀, ó sì wá. Ó yọjú wo ọ̀fun ọba.

"Kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́."

"Àmì Kábíyèsí dà?" Ìmàdò béèrè.

"Ọba ló ń jẹ!" Ìkookò jágbe mọ́ ọn.

Ìmàdò ṣí ìwé. "Omi pípọn wà níbí. Ilẹ̀ gbígbẹ́ wà. Mi ò rí ọba jíjẹ."

Ìgbìmọ̀ jókòó lójú ẹsẹ̀, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé iṣẹ́ ni ọba jíjẹ. Ṣùgbọ́n òfin kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ọlọ́mitútù àfi bí Kìnnìún bá bú ramúramù lé e lórí. Kìnnìún la ẹnu. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

"Ẹ jẹ́ kí n yọ eegun yìí," Òòrẹ̀ tún wí.

"Rárá o," Ìkookò dáhùn. "Bí a bá rú òfin nítorí ọba, kí la fẹ́ sọ fáwọn ọ̀lẹ?"

Ọba ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń dà lójú rẹ̀. Ìkookò ní kí gbogbo ìgbìmọ̀ fara balẹ̀, ó dá òun lójú pé Kábíyèsí kò ní pẹ́ bú ramúramù.