Dókítà Irínwó Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ bá mi kí Dókítà Mo-Ti-Ṣe-É! Akin ọ̀bẹ tí ẹ̀jẹ̀ kò ta sí láṣọ rí! Ọkùnrin tó ń ti ẹnu ọ̀nà ṣe iṣẹ́ abẹ! Bí ẹ bá ní kí ewúrẹ́ ka iye koríko tó jẹ, yóò ṣì í. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kì í ṣi iye iṣẹ́ tí kò ṣe.

Dókítà ni lóòótọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó ti gboyè, ó wá ń kọ́ iṣẹ́ abẹ lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Gbogbo olùkọ́ṣẹ́ bíi tirẹ̀ ló ní àkójọ iṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní pọtifólíò. Iṣẹ́ tí o bá ṣe lónìí, wàá kọ ọ́ síbẹ̀. Wàá kọ ohun tó kọ́ ẹ. Ọ̀gá rẹ yóò sì fọwọ́ sí i. Lọ́dún yìí, àyè kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ fún igbákejì ọ̀gá, pọtifólíò ni wọn yóò sì fi yan ẹni tó máa bọ́ síbẹ̀. Ẹni méjì ló ń dù ú: òun àti dókítà obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Mo-Ti-Ṣe-É fẹ́ àyè yẹn bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń fẹ́ ọmú. Ó ti lọ wọn fèrèsé ọ́fíìsì igbákejì ọ̀gá, ó fẹ́ rán kọ́tìnnì.

Ọgbọ́n rẹ̀ rèé. Láràárọ̀, wọ́n máa ń lẹ ìwé tí wọ́n to iṣẹ́ abẹ ọjọ́ náà sí mọ́ ilẹ̀kùn. Ọkùnrin wa á yọ fóònù, á yà á ní fọ́tò, á wá lọ jókòó sí kántíìnì. Kí àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ tó fọ ọwọ́ tán, òun ti ṣe mẹ́fà lórí fóònù. "Mo dá a ṣe." Fìn! "Mo dá a ṣe." Fìn! Ọ̀gá wọn kì í ka nǹkan kan. Bó bá ti dé orí fóònù rẹ̀, yóò tẹ "Mo fọwọ́ sí i" bí ẹni ń pa ẹ̀fọn.

"Mélòó lo ní?" ni Mo-Ti-Ṣe-É bi dókítà obìnrin náà lọ́jọ́ kan.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Mọ́kàn... Ha! Àbúrò, ṣé ara rẹ ò yá ni? Èmi ní irínwó ó lé méjìlá."

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ ń sùn?"

"Akíkanjú kì í sùn."

"Ta ló wá ń han-run nínú ìpàdé àná?"

"Mò ń ronú ni!"

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Gbogbo olùkọ́ṣẹ́ kún gbọ̀ngán, wọ́n fi ẹ̀rọ tan pọtifólíò sára ògiri gbàgàdà. Àwọn mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì: ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ alága, ọ̀gá tó ń pa ẹ̀fọn, àti ìyá àgbà kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá kì í ṣe dókítà. Wọ́n fi í síbẹ̀ kó lè gbẹnu sọ fún aráàlú ni.

Ìyá wo ògiri títí. "Dókítà, iṣẹ́ yín pọ̀ o. Ẹ bá wa ka ti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta."

Mo-Ti-Ṣe-É ha ọ̀nà ọ̀fun. "'Màmá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, kókó ẹ̀yìn ọrùn. Mo dá a ṣe. Nígbà tí màmá jí, wọ́n rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, wọ́n sunkún ayọ̀. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ìrẹ̀lẹ̀ ni olórí oògùn.'"

Ìrẹ̀lẹ̀ o! Ẹ gbọ́ nǹkan.

"Ó mà dùn o," ni ìyá wí. "Báwo ni kókó náà ṣe tóbi tó?"

"Mà, ẹ fi sílẹ̀! Ó tó àgbọn."

"Àgbọn?"

"Àgbọn kékeré, mà."

"Màmá náà ńkọ́, ẹ ṣì lè dá wọn mọ̀?"

"Mà! Nínú òkùnkùn biribiri, màá dá wọn mọ̀. Wọ́n ṣì ń pè mí lórí fóònù."

Ìyá rọra tú síkáàfù rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i. Kókó náà rèé, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sẹ́yìn ọrùn bí ẹyin adìẹ, ọ̀bẹ ò kàn án rí.

"Èmi ni màmá tó wà lórí ìwé ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo gbàgbé, mo jẹ búrẹ́dì láàárọ̀," ni ìyá wí, kò tiẹ̀ yíjú padà. "Dókítà tó ń fúnni lábẹ́rẹ́ oorun ní ẹni tó bá ti jẹun, àwọn ò lè kùn ún lóorun. Wọ́n dá mi padà sílé kí aago mẹ́jọ tó lù. Dókítà mi, ọrùn ta ni mo wá rọ̀ mọ́?"

Ọ̀gá tó fọwọ́ sí i bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí kò sọ nù lábẹ́ tábìlì.

"Bóyá..." Mo-Ti-Ṣe-É tún wo ọrùn náà. "Bóyá ó tún hù ni, mà."

"Ó tún hù!" ni ẹnì kan kígbe lẹ́yìn, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan fẹ́ẹ̀ jábọ́ lórí àga. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni gbìmọ̀. Ó kọ orúkọ dókítà obìnrin náà síwájú àyè igbákejì ọ̀gá, ó fa ìlà sí i lábẹ́.

Ìyá ní, "Dókítà, ẹ má tíì lọ. Gbogbo èyí tí ẹ ò ṣe, ẹ pa á rẹ́, ká jọ máa wò ó."

Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Irínwó di ọ̀ọ́dúnrún, ọ̀ọ́dúnrún di ọgọ́rùn-ún, àwọn olùkọ́ṣẹ́ ń bá a kà á sókè bí ọmọ ilé ìwé. Nígbà tó ku méjì, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́?" ni ìyá bi í.

"Mo... mo bá wọn di iná mú, mà."

"Ẹ fi sílẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Ìkejì ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀jẹ̀, mà, tí mo dákú."

"Ẹ fi ìyẹn náà sílẹ̀," ni ìyá wí. "Ẹ̀yin nìkan lẹ dá a ṣe."